Ọjọ́ Mẹ́rin Pẹ̀lú Ẹ̀gbọ́n Mi ní Ilé-Ifẹ̀

Kò sí ọmọ Kétu tí a kò sọ fún pé Ifẹ̀ ni a ti wá. A gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá wa. A tún gbọ́ ọ lẹ́nu Baba Ẹlẹ́gùn nígbà tí ó bá ń ka orúkọ àwọn Alákétu lẹ́sẹẹsẹ, láti orí àwọn tí ó ṣí kúrò ní Ifẹ̀, tí wọ́n gba Òkè Ọ̀yán kọjá, títí dé orí ọba tí ó tẹ ìlú dó sí ibi tí ó wà lónìí. Àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ ní ìtàn tiwọn tí ó fara jọ ọ́. Àwọn ará wa ní Atakpamé, ní ilẹ̀ Tógò, kò tilẹ̀ fi í sínú ìtàn nìkan: Ifẹ̀ ni wọ́n ń pe ara wọn àti èdè wọn títí di òní. Síbẹ̀, àwa tí a ti fi ojú ara wa rí Ilé-Ifẹ̀ kò pọ̀. Láti Kétu dé ibẹ̀ kò ju ìrìn àjò ọjọ́ kan lọ bí ojú ọ̀nà bá dára, ṣùgbọ́n láàrin àwọn ojúlùmọ̀ mi, àwọn tí ó ti dé Paris pọ̀ ju àwọn tí ó ti dé Ifẹ̀ lọ.

Èmi ń gbé ìlú náà. Ọdún kẹsàn-án nìyí tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbẹ̀ ní èdè Faransé, nítorí pé Nàìjíríà ń wá olùkọ́ Faransé, àwa ará Bẹ̀nẹ̀ tí a sì ń ṣe iṣẹ́ náà kò kéré níye. Ọ̀pọ̀ ará ilé ni ó ti ṣèlérí pé àwọn ń bọ̀ wá kí mi. Ẹni àkọ́kọ́ tí ó mú ìlérí náà ṣẹ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó ń ta gàrí lọ́jà Kétu, tí ó jẹ́ pé owó gàrí rẹ̀ ni ó rán mi lọ sí líìsé. Àmọ́ kì í ṣe ìfẹ́ ìrìn àjò ni ó gbé e wá.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti yege ìdánwò BAC. Gbogbo ilé ń retí pé yóò forúkọ sílẹ̀ ní Abomey-Calavi, ní yunifásítì tí ó ti wà láti 1970, kí ó kọ́ ìmọ̀ òfin, tàbí kí ó dúró nílé, nítorí pé a ti ní ilé ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Kétu gan-an. Ọmọ náà ní Ifẹ̀ ni òun fẹ́ lọ, àti pé èdè Yorùbá ni òun fẹ́ kọ́. Wọ́n sọ fún mi pé baba rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó béèrè pé ta ni yóò kọjá ibodè, tí yóò san owó ilé, owó oúnjẹ àti owó ìwé, láti lọ kọ́ ohun tí ìyá àgbà rẹ̀ ń sọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìdí ààrò? Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín, kò sì gbà. Ó ní òun yóò lọ wo ìlú náà ná.

Ó gba Ìlárá wá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìlárá mọ̀ pé ìlú kan ni, orílẹ̀-èdè méjì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni àwọn Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìwé àdéhùn fa ìlà láàrin ara wọn. Ní àkókò náà, ahoro ni Kétu. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ti fọ́ ọ ní 1886, wọ́n sì ti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Onílé kò sí nílé nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀ rẹ̀. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tí í ṣe ìlú abẹ́ Alákétu, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Anthony Asiwaju, ọ̀mọ̀wé ọmọ Ìmẹ̀kọ, kọ ìwé ńlá kan tí ó jáde ní 1976 lórí ohun tí ìlà náà ṣe fún wa ní apá méjèèjì, mo sì ń rọ àwọn ọ̀dọ́ wa kí wọ́n wá a kà bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò nílò ìwé kí ó tó mọ̀ nípa ìlà. Ó ka àwọn tí ó dá ọkọ̀ wọn dúró láàrin Ìlárá àti Abẹ́òkúta fún mi lórí ìka ọwọ́ rẹ̀, pẹ̀lú iye tí olúkúlùkù wọn gbà, bí ẹni tí ń ka gbèsè oníbàárà.

Mo ti to ohun tí n ó fi hàn án sórí ìwé, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ti í ṣe: ààfin, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, lẹ́yìn náà ọgbà yunifásítì. Ó jẹ́ kí n kà á tán. Ó ní, “Mẹ̀sié, mú mi lọ sọ́jà. Ìlú tí n kò bá tí ì mọ iye tí wọ́n ń ta gàrí rẹ̀, n kò tí ì dé ibẹ̀.” Láti ọjọ́ tí mo ti di olùkọ́ ni ó ti ń pè mí ní Mẹ̀sié. Ó mọ̀ pé n kò fẹ́ràn rẹ̀.

Ọjà Òdò-Ògbè ni a lọ. Ó bu gàrí sí àtẹ́lẹwọ́, ó tọ́ ọ wò, ó ní ó kan jù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an bí ẹni pé yóò gbé àpò mẹ́wàá. Obìnrin tí ń tà á gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì wò ó láti òkè dé ilẹ̀. “Màmá, ṣé Ègùn ni yín ni?”

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé Nàìjíríà mọ ìbéèrè yìí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ìhà ọ̀dọ̀ wa wá, ìbáà jẹ́ Gùn, ìbáà jẹ́ Fọ̀n, ìbáà jẹ́ Yorùbá bí ẹni tí ń bi í léèrè, Ègùn ni. Wọn kì í fi ṣe èébú nígbà gbogbo. Ó ti di ohun tí mo ń gbọ́ kọjá lọ. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò gbọ́ ọ rí, inú ìlú tí wọ́n sọ fún un láti kékeré pé ibẹ̀ ni a ti wá ni ó sì ti gbọ́ ọ.

Ó ní, “Ègùn kọ́. Ọmọ Kétu ni mí.”

“Háà, Kétu! Èkó lẹ ti wá nìyẹn.”

Kétu kan wà ní Èkó lóòótọ́, àdúgbò tí ọkọ̀ àti èrò pọ̀ sí, òun sì ni ọ̀pọ̀ ará Nàìjíríà mọ̀ tí a bá dárúkọ Kétu. Ní Bahia, ní orílẹ̀-èdè Bràsíìlì, àwọn olórìṣà tí wọn kò dé ilẹ̀ Áfíríkà rí ń pe ìlànà ìsìn wọn ní Kétu, wọ́n sì ń fi orúkọ Alákétu yangàn. Ní Òdò-Ògbè, ibùdókọ̀ ni wá.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé gàrí ọwọ́ rẹ̀ padà sínú igbá. Kò bínú, tàbí bí ó bá bínú, kò hàn lóhùn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ilé baba wa. Kò yára, kò sì pariwo. Ó ń kì í bí a ṣe ń ki ọmọ ní òwúrọ̀, láti orí ẹni tí ó bá wọn kúrò ní Ifẹ̀ títí dé orí baba tí ó bí wa lọ́mọ. Ẹni tí ń ta ata dá ọwọ́ dúró. Ẹni tí ń ta èlùbọ́ súnmọ́ wa. Ìyá arúgbó kan tí ó jókòó lẹ́yìn apẹ̀rẹ̀ ẹ̀fọ́ gbé orí sókè, ó ní kí ó tún ọ̀rọ̀ kan sọ. Ó tún un sọ. Ìyá náà ní, “Ọ̀rọ̀ yẹn, ẹnu ìyá ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. A kì í sọ ọ́ mọ́ níbí.” Ẹlẹ́gàrí bu èènì, ó sì tún bu èènì lé èènì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí a jẹun tán, ó ní ohun kan ń yà á lẹ́nu. Ó ti rò pé wọ́n ń retí wa ni. Ó ní nínú ìtàn tí wọ́n sọ fún un, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé Ifẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí ó ń wo ẹ̀yìn wa. “Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jáde ni ó ń ka ọ̀nà. Ẹni tí ó jókòó sílé ti ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ.”

Ní ọjọ́ kejì ó gbà kí n tẹ̀lé ìwé mi. A lọ sí Ẹnuwá, níwájú ààfin Ọọ̀ni. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n ṣí i ní 1954, kò sì tóbi. Ẹni tí ó ti rí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá lókè òkun lè rìn ín já kí ó tó mọ̀. Èmi a máa sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n rọra rìn. Ní 1938, àwọn tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́yìn ààfin, hú àwọn orí idẹ àti bàbà jáde láti inú ilẹ̀, orí tí ó tó ti ènìyàn ní ìwọ̀n, tí ìlà tín-ín-rín kún ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Ọ̀kan nínú wọn wà ní London di òní. Kí ó tó di ìgbà náà, ní 1910, ọkùnrin ará Jámánì kan, Leo Frobenius, ti dé Ifẹ̀. Ó rí iṣẹ́ amọ̀ àti orí idẹ kan, ó sì gbà pé kì í ṣe ọwọ́ àwọn baba wa ni ó ṣe é. Ó ní àwọn Gíríìkì ìgbàanì ni, àwọn ará Atlantis, ìlú inú ìtàn tí òkun bò mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ gbogbo èyí láìyọjú kúrò lára orí amọ̀ kan tí ó ṣe é bí ẹni pé ó jọ àbúrò baba wa. Ó ní, “Ṣé kò rí ẹni béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni?” Ó rí wọn. Ìlú kún fún ènìyàn lọ́dún 1910.

Ohun tí ó dá a dúró pẹ́ jù lọ kì í ṣe orí idẹ. Ilẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi àfọ́kù ìkòkò tẹ́ ni. Àwọn ará Ifẹ̀ ìgbàanì a máa to àfọ́kù lóòró, etí rẹ̀ sókè, ní ìlà ìlà bí egungun ẹja, títí tí ilẹ̀ yóò fi le tí omi òjò kò ní lè gbẹ́ ẹ. Ìtàn ìlú sọ pé Lúwoo, obìnrin tí ó jọba ní Ifẹ̀, ni ó pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ́ ẹ, nítorí pé kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun. Èmi gbádùn apá ìtàn yìí. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ba, ó wo bí wọ́n ṣe tò ó, ó ka ìlà mélòó kan, ó sì béèrè ìkòkò mélòó ni yóò fọ́ kí ilẹ̀ yàrá kan tó kún. N kò lè ṣe ìṣirò rẹ̀. Ó ní òun ti fọ́ tó bẹ́ẹ̀ nígbésí ayé òun, òun kàn ń dà á sí ààtàn ni.

Mo sọ fún un pẹ̀lú nípa Igbó Olókun, níbi tí àwọn onímọ̀ ìwalẹ̀ ti fi hàn pé àwọn ará Ifẹ̀ ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe gíláàsì láti ìpìlẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1000 sẹ́yìn. Tẹ́lẹ̀, ohun tí ìwé ń sọ ni pé ńṣe ni wọ́n ń yọ́ gíláàsì tí àwọn oníṣòwò gbé wá láti ọ̀nà jíjìn. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ọrùn rẹ̀, níbi tí sẹ̀gi tí ìyá wa fi sílẹ̀ fún un wà. Kò sọ nǹkan kan.

Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn kò ṣe é ní kàyéfì. Òkúta gbọọrọ ni, nínàró, tí wọ́n kan ìṣó irin mọ́ lára, gíga rẹ̀ sì tó mítà 5 àti ààbọ̀. Ó wò ó lọ sókè, ó wò ó wá sílẹ̀. “Mo rò pé ó ga ju báyìí lọ.” Gbogbo ẹni tí mo mú débẹ̀ ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé olúkúlùkù ni ó ti gbé gíga tirẹ̀ wá láti ilé. Ibi tí ó ti wá di ọ̀rọ̀ ni ìdí ère Mọremí.

Ère náà kò jìnnà sí ààfin. Ní 2016 ni Ọọ̀ni Adeyeye Ogunwusi ṣí aṣọ lójú rẹ̀. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 42, iná ògùṣọ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń sọ ìtàn Mọremí fún ẹ̀gbọ́n mi. Òun ni ó máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó mọ̀ nípa àwọn ará Ìgbò tí wọ́n ń da ìmọ̀ bo ara wá kó Ifẹ̀ lẹ́rú, tí àwọn ènìyàn ṣe bí iwin ni wọ́n. Ó mọ bí Mọremí ṣe jẹ́ kí wọ́n mú òun lọ, tí ó fi mọ àṣírí wọn, tí ó padà wá sọ pé kí wọ́n fi iná sí ìmọ̀ náà. Ó sì mọ ẹ̀jẹ́ tí ó jẹ́ fún odò Ẹ̀sìnmìrìn, àti ohun tí odò náà gbà: Olúorogbo, ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí.

Ó yí ère náà ká lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un yí ká. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ bojú nítorí oòrùn.

“Ọmọ rẹ̀ dà?”

Mo ní Olúorogbo ní ibi tirẹ̀ nínú ìlú, wọ́n sì ń bọ ọ́.

“Mo ní ọmọ rẹ̀ dà níbí. Wọ́n gbé ìyá ga tó báyìí. Ta ni ó ń wò lọ́ọ̀ọ́kán yẹn?”

N kò ní èsì kan, n kò sì rò pé èmi ni ó ń bi. A rìn padà sílé láìsọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ra ẹ̀pà sísun lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ kẹta ni a lọ sí yunifásítì, tí ó jẹ́ ìdí ọ̀rọ̀. A wọ bọ́ọ̀sì kékeré ní Lágere. Láti ẹnu ọ̀nà ńlá, ojú títì gùn wọlé láàrin igi, tí ẹni tí kò débẹ̀ rí yóò fi máa rò pé oko ni òun ń lọ. Ní 1961 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà fi òfin dá yunifásítì yìí sílẹ̀; ní 1962 ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni wọ́n kọ́kọ́ wà, ó di 1967 kí wọ́n tó kó wá sí Ifẹ̀. Yunifásítì Ifẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ títí di 1987, ọdún tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kú, tí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè é.

Ayàwòrán ilé ará Ísírẹ́lì kan, Arieh Sharon, ni ó ya èyí tí ó pọ̀ nínú àwọn ilé àkọ́kọ́. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ọmọnìyàn dà bí ẹni pé a dojú wọn dé: àjà kọ̀ọ̀kan yọ síta ju èyí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ, tí ilé fi fẹ̀ lókè tí ó sì kéré nísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè ìdí tí ilé fi fi orí dúró. Mo ní ara àjà òkè ni òjìji ti ń bọ́ sórí àjà ìsàlẹ̀, tí oòrùn àti òjò kì í fi í wọ yàrá tààrà, afẹ́fẹ́ sì ń gba àárín kọjá. Ó dúró sábẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ó na ọwọ́ síta kí oòrùn kàn án, ó fà á padà. “Àtíbàbà ọjà ni,” ni ó wí. Mo ti ka àpilẹ̀kọ mẹ́ta lórí àwọn ilé wọ̀nyẹn, kò sí èyí tí ó sọ ọ́ kúkúrú bẹ́ẹ̀.

Lábẹ́ àtíbàbà yẹn ni mo ti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo ní ibí yìí ni Wande Abimbola ti kọ́ni, ọkùnrin tí ó fi ẹsẹ̀ Ifá ṣe iṣẹ́ ìwé, tí ó sì di ọ̀gá àgbà gbogbo yunifásítì náà láti 1982 dé 1989. Ó ní kí n tún un sọ: ẹni tí ó gbọ́ Ifá ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn dókítà àti àwọn ẹnjiníà? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ nípa Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí ó kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà àti Ó Le Kú. Èdè Faransé ni ó kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú rẹ̀ ní Ìbàdàn, gẹ́gẹ́ bí èmi náà, kí ó tó yí padà sí Yorùbá tí ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n níhìn-ín ní 1991. Ó wò mí. “Ìwọ kò yí padà.” Èmi kò yí padà, ó tọ̀nà, Faransé ni mo fi ń jẹun, mo sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo rán an létí ìkarahun ìgbín. Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, ìkarahun kan wà tí wọ́n so okùn mọ́. Ẹni tí wọ́n bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e kọ́ lọ́rùn, kò sì ní kúrò níbẹ̀ àfi bí ó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ délé kò ní sinmi. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí ti wọ̀ ọ́, ẹ sì ti ṣe amí àwọn ọ̀rẹ́ yín kí ẹ lè bọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi rántí. Òun ni ó máa ń bá mi bọ́ ọ lálẹ́ kí baba wa tó dé, tí yóò fi í sábẹ́ igbá títí di àárọ̀. Mo ní ohun tí wọ́n kọ́ wa láti tijú ni àwọn kan ń gba oyè lé lórí nínú ilé yìí, wọ́n sì ń fi pákó àti ṣọ́ọ̀kì kọ́ bí a ṣe ń ṣe é.

Ó ní, “Tí ó bá kọ́ ọ tán, iṣẹ́ wo ni yóò ṣe?”

Èmi kò fi oyin sí i. Mo ní iṣẹ́ olùkọ́, iṣẹ́ rédíò, ìtumọ̀ èdè, ìwé kíkọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ń sọni di ọlọ́rọ̀ kánkán. Mo ní ẹnu ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì ni yóò gbà wọ ilé Yorùbá, nítorí náà yóò ní láti fi ọdún kan kọ́ ọ kí ó tó lè jókòó ìdánwò ìwọlé. Mo ní ọdún mẹ́rin lè di márùn-ún tàbí mẹ́fà: ní 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba ní Nàìjíríà yanṣẹ́ lódì fún oṣù mẹ́jọ, àwọn ọmọ sì padà sílé. Baba ọmọ náà ti gbọ́ nípa ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, mo mọ̀. Ìjà náà burú lóòótọ́ ní ìparí ọ̀rúndún tí ó kọjá. Lónìí, ènìyàn lè ra àkàrà ní Modákẹ́kẹ́ kí ó jẹ ẹ́ tán ní Ifẹ̀ láìmọ ibi tí ó ti kọjá ààlà.

Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá ní kí n mú òun lọ síbi tí àwọn obìnrin ń sùn.

Ilé kan wà nínú ọgbà náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin, orúkọ rẹ̀ ni Moremi Hall. N kò tí ì ronú láti fi hàn án, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àná. Ó gbọ́ orúkọ náà, ó sì tú ẹnu ká díẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. “Nítorí náà ọ̀dọ̀ Mọremí ni wọ́n ń kó ọmọ ọlọ́mọ sí.” Kò wọlé. Ó dúró lábẹ́ igi lódì kejì, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń jáde tí wọ́n sì ń wọlé: èyí tí ó gbé garawa omi, èyí tí ó sá aṣọ, èyí tí ó ń ka ìwé tí ó sì ń rìn. Ọmọbìnrin kan ń kọjá, ó rí i pé àgbàlagbà ni, ó kúnlẹ̀ kí i. Ó dá a dúró.

Kò bi í ní ohun tí ó ń kọ́. Ó bi í ní: Kí ni o jẹ láàárọ̀? Ẹ mélòó lẹ wà nínú yàrá? Tí ara rẹ kò bá yá lóru, ta ni ó máa ń mọ̀? Ìyá rẹ ńkọ́? Ọmọ náà ní gàrí ni òun mu, òun àti àwọn mìíràn jọ wà, ọ̀kan nínú wọn ni ó gbé òun lọ sí ilé ìwòsàn ọgbà nígbà tí ibà ń ṣe òun, ìyá òun sì wà ní Oǹdó, wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní alaalẹ́. Ó sọ̀rọ̀ Oǹdó díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi fèsì ní ohùn Kétu, wọ́n sì gbọ́ ara wọn yé. Ọmọ náà béèrè ibi tí irú Yorùbá bẹ́ẹ̀ ti wá. Nígbà tí ó gbọ́ pé Kétu ni, kò dárúkọ Èkó. Ó ní, “Kétu ti Alákétu? Wọ́n kọ́ wa nípa rẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n mi bojú wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó yíjú padà sí ọmọ náà, ó ní kí ó sọ ohun tí wọ́n kọ́ wọn. Ọmọ náà sọ. Ó mọ̀ nípa Òkè Ọ̀yán. Ó mọ̀ nípa 1886. Ibi kan wà tí kò mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì ṣàlàyé rẹ̀ fún un lórí ìdúró, nípa arúgbó obìnrin tí àwọn baba wa tọrọ iná lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n dé ibi tí wọ́n fẹ́ tẹ̀dó sí, tí kò sì fi iná du wọ́n. Ọmọ náà mú ìwé jáde láti inú àpò rẹ̀, ó béèrè bóyá òun lè kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti mọ ẹ̀gbọ́n mi fún ogójì ọdún ó lé, n kò rí i kí ẹnikẹ́ni kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ rí, àfi gbèsè. Ó tún apá ibi kan sọ nígbà tí ó rí i pé ọwọ́ ọmọ náà kò yá tó.

Kò sọ ìpinnu rẹ̀ fún mi ní alẹ́ ọjọ́ náà, èmi náà kò sì béèrè. Ó pe ilé, ó bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa iye gàrí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, kí n tó mú un lọ sí gáráàjì, ó ní kí a tún gba Òdò-Ògbè kọjá. Ẹlẹ́gàrí kí i ní “Màmá Kétu.” Kò ra gàrí. Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń ta ike, ó gbé garawa oníke ńlá kan tí ó ní ọmọrí, irú èyí tí ó rí lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà, ó fi ọwọ́ gbá ìdí rẹ̀ kí ó mọ̀ bóyá ó nípọn, ó ná an títí tí ó fi rẹ ọlọ́jà. Ó ra àgádágodo kan pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ méjì. Mo ní ẹrù náà yóò pọ̀ jù fún ọ̀nà Ìlárá, àwọn tí ń dá ọkọ̀ dúró yóò sì gba owó lé e lórí.

Ó ní òun kò gbé e lọ sí Ìlárá. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kan, ó so ó mọ́ etí aṣọ rẹ̀, ó kó èyí tí ó kù fún mi.

“Gbé e sí igun yàrá rẹ. Má jẹ́ kí wọ́n máa fi í pọnmi.”